Kí pápá ìṣeré má baà jẹ ẹgbẹ́ yín run

Ènìyàn méje. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kà á. Mo gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà kẹrin ní pápá ìṣeré wa lọ́sàn-án Sátidé kan, mo mú ìwé àti bírò dání, mo sì ń fa igi kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, láti ìgbà tí a ti ṣílẹ̀kùn títí rẹfirí fi fọn fèrè àkọ́kọ́. Igi méje ló wà lórí ìwé náà. Ẹ̀ṣọ́ méjì ló dúró síbẹ̀, ẹnì kan ń já tíkẹ́ẹ̀tì, obìnrin kan ń tọ́jú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́yìn ibẹ̀, iná sì ń tàn látòkè délẹ̀ ní gbogbo abala náà. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin là ń sanwó fún kí ènìyàn méje lè wọlé, mẹ́ta nínú àwọn méje ọ̀hún sì jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́, tí wọn ò san nǹkan kan.

Ọdún 19 ni mo lò nídìí iṣẹ́ yìí. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ ń já, kí wọ́n tó kó kọ́kọ́rọ́ gbogbo pápá lé mi lọ́wọ́. Kíláàbù wa kì í ṣe irú èyí tí ẹ máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìpele kejì la wà jù, a sì já sí ìpele kẹta lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí ipò wọn jọ tèmi ni mò ń bá sọ̀rọ̀: ẹ̀yin tí alága ń fi owó iná halẹ̀ mọ́, tí òǹwòran yín ń dín kù lọ́dọọdún, tí ìgbìmọ̀ sì ní kí ẹ lọ wá ọgbọ́n dá sí i. Ọgbọ́n ọ̀hún kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ, àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ kí bọ́ọ̀lù tó dáyé: ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí iye ènìyàn tó ń wá gan-an bá ṣe tó, bẹ́ẹ̀ ni kí pápá tí ẹ ń ṣí ṣe tó. Bí a ṣe ń ṣe é ló gba àlàyé.

Ẹ fi ojú ara yín ka orí

Ẹ má gbára lé iye tí ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì bá kọ fún yín. Wọn ò purọ́, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà ni wọ́n kà, kì í ṣe ènìyàn. Àwọn kíláàbù ńlá pàápàá, iye tí wọ́n ń kéde nínú pápá sábà máa ń ní àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì sáà, èyí tó kárí gbogbo ìdíje ilé lọ́dún kan, nínú, ì báà jẹ́ pé inú ilé ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ náà. Ẹni tó sanwó tí kò wá ṣì dára fún àpò yín lọ́dún yìí. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, kò ní san án mọ́. Òun gan-an ni àmì àkọ́kọ́ pé nǹkan ń bàjẹ́, ẹ ò sì ní rí i nínú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìdíje márùn-ún ni kí ẹ kà. Ẹ fi ẹnì kan tí kò fẹ́ràn àtimáa tàkúrọ̀sọ sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kó máa fa igi sórí ìwé, kó sì máa fàlà sí i ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ kọ aago tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, bí ojú ọjọ́ ṣe rí àti ẹgbẹ́ tí ẹ gbà lálejò sí òkè ìwé náà. Kí ẹ tún ka àwọn tó ń jáde ṣáájú àsìkò. Apá yìí ló yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tí a bá gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́, àwọn ènìyàn á ti máa dìde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 70. Mo rò pé bọ́ọ̀lù wa ló sú wọn. Àṣé ọkọ̀ ìkẹyìn ni wọ́n ń sá lọ wọ̀. Ó pẹ́ kó tó yé mi, torí mo ní mọ́tò tèmi.

Àpò mẹ́ta

Inú àpò mẹ́ta ni owó pápá ìṣeré ti ń jáde. Àkọ́kọ́ ni owó tí ẹ ó san bí ẹ tilẹ̀ ti gbogbo ilẹ̀kùn pa: èlé orí gbèsè, owó ilẹ̀, owó adójútòfò, owó oṣù olùtọ́jú koríko àti ti ọdẹ alẹ́. Ìkejì ni ti ọjọ́ ìdíje: àwọn ẹ̀ṣọ́, àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, iná òkè, àwọn tó ń gbálẹ̀. Ìkẹta máa ń sùn fún ọdún mẹ́wàá kó tó jí: òrùlé, páìpù omi, koríko àtọwọ́dá tó ti gbó. Ẹ kó gbogbo rìsíìtì ọdún tó kọjá síwájú, kí ẹ pín in sí àpò mẹ́ta yìí. Ọ̀pọ̀ kíláàbù ni kò ṣe é rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé owó ẹ̀ṣọ́ nígbà tó jẹ́ pé àpò àkọ́kọ́ ló ń jò.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tó ti ń jò, ẹ lọ ka mítà iná lọ́jọ́ tí kò sí ìdíje. Èmi ṣe é lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Mo kà á ní aago mẹ́wàá alẹ́, mo tún padà kà á ní aago márùn-ún ìdájí. Pápá dá páropáro, síbẹ̀ mítà ti sáré bí ìgbà tí à ń gbá àṣekágbá. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú yàrá àwọn àlejò pàtàkì, fíríìjì mẹ́rin ló ń kùn. Mo ṣí àkọ́kọ́, òfìfo. Mo ṣí ìkejì, òfìfo. Nínú ìkẹta, ìgò omi kan dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹnì kan ti mu ún dé ìdajì. Ìkẹrin tún ṣófo. Ó ti pé ọjọ́ 17 tí a ti gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn níbẹ̀. Ní yàrá tí ẹgbẹ́ àlejò ti ń múra, ẹ̀rọ tó ń gbóná omi kò tíì dákẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, a lẹ ìwé kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àbájáde: gbogbo suwíìṣì tí ẹni tó bá jáde kẹ́yìn gbọ́dọ̀ pa, àti àyè tí yóò ti buwọ́ lù ú. Ìwé kan péré. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sí èyí tó ná wa lówó tó kéré bẹ́ẹ̀ tó sì dínwó kù tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti iná òkè pápá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí LED bí agbára yín bá ká a. Kì í jẹ iná tó ti àtijọ́. Nǹkan mìíràn tí àwọn tó ń tà á kì í ráyè sọ ni pé ojú ẹsẹ̀ ló ń mọ́lẹ̀. Ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná kó tó tàn dáadáa, nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ á ti tàn án kalẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọ pápá, ẹ̀rù á sì máa bà wọ́n láti pa á.

Àpò kẹta ló ń bá ènìyàn lójijì. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, apá kan òrùlé pápá ẹgbẹ́ AZ ní ìlú Alkmaar, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, já lulẹ̀ sórí àwọn ìjókòó. Orí kó o yọ, kò sí ìdíje níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Pápá ọ̀hún kì í sì í ṣe àtijọ́ o, ọdún 2006 ni wọ́n ṣí i. Nítorí náà, ẹ pe onímọ̀ ẹ̀rọ kó wá wo òrùlé yín lọ́dọọdún, kí ẹ sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù sí àkáǹtì tí alága ò lè fọwọ́ kàn láti fi ra agbábọ́ọ̀lù. Ohun tójú mi rí ni mò ń sọ. Lọ́dún kan, owó òrùlé tiwa di agbábọ́ọ̀lù iwájú kan, tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mejì péré, òjò sì ń rọ̀ sórí àwọn oníròyìn títí sáà fi parí.

Ẹ kó àwọn ènìyàn jọ síbi kan

Juventus, kíláàbù ńlá ilẹ̀ Ítálì, ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Pápá Delle Alpi ní ìlú Turin, tí wọ́n kọ́ fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1990, gbà tó bíi 69,000 ènìyàn. Ọ̀nà eré sísá yí koríko ká, òǹwòran sì jìnnà sí bọ́ọ̀lù débi pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò ní mọ ẹni tó gbá a wọlé. Nígbà tí Sampdoria wá bá wọn níbẹ̀ nínú ìdíje Coppa Italia ní sáà 2001 sí 2002, ènìyàn 237 ni wọ́n kà. Juventus o! Wọ́n wó o, wọ́n kọ́ òmíràn sórí ilẹ̀ kan náà, wọ́n ṣí i lọ́dún 2011, kò sì gbà ju bíi 41,000 lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù ni. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ ní láti tètè wá a.

Ẹ̀yin ò lówó tí ẹ ó fi wó nǹkan, èmi náà ò ní. Abala là ń tì. Ẹ mú ìwé igi yín, ẹ wo iye tó pọ̀ jù nínú ìdíje márùn-ún, kí ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lé e. Abala tó bá gba iye yẹn ni kí ẹ ṣí, kí ẹ ti ìyókù títí di ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ńlá bá ń bọ̀. Ká ní abala kan ń gba ẹ̀ṣọ́ mẹ́fà, tí ẹ sì ń gbá ìdíje 19 nílé: owó iṣẹ́ ọjọ́ 114 lẹ ti fi pamọ́ yẹn, ká tó dórí iná àti ìgbálẹ̀. Ẹ má ti abala tó dojú kọ kámẹ́rà. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kún, torí ẹni tó bá rí ìjókòó òfìfo lórí tẹlifíṣọ̀n á ti pinnu pé kò sí nǹkan tí òun fẹ́ẹ́ wá wò. Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà máa ń mọ̀ ọ́n lára: ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tó fún mọ́ra wọn níbi kan ń pariwo ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tó fọ́n káàkiri.

Ohun tí mo ṣì ṣe ni pé mi ò sọ fún àwọn tó ń jókòó síbẹ̀. Bàbá kan wà tó ti ń jókòó sí ìlà kẹsàn-án abala ìwọ̀ oòrùn kí n tó dé kíláàbù. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tì í, ó bá okùn pupa tí a ta dí ọ̀nà. Kò pariwo. Ó dúró sídìí okùn náà fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo ìjókòó rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ká súkáàfù kíláàbù tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi í sápò, ó sì yíjú sílé. Ẹ̀ṣọ́ ló wá sọ fún mi. Mo lọ sílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti tọrọ àforíjì kó tó gbà, mo ní kó mú ìjókòó tó bá wù ú ní gbogbo pápá. Ẹ̀yin, ẹ kọ lẹ́tà sí gbogbo ẹni tó ń jókòó níbẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣáájú yan àyè tuntun, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó ń jókòó pọ̀ kó lọ pọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ máa ń jókòó ló ń mú òmíràn nínú wọn wá ju bọ́ọ̀lù lọ.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ gé

Ẹ lè ti abala, ẹ ò gbọdọ̀ ti ọ̀nà àbájáde. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1985, iná ràn ní abala onígi pápá Bradford City nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ìdíje ń lọ lọ́wọ́. Pàǹtírí tó ti ń ré bọ́ sábẹ́ ìjókòó láti ọdún gbọọrọ ló gbaná. Àwọn ilẹ̀kùn kan ní ẹ̀yìn wà ní títì. Ènìyàn 56 ló kú. Irin tí wọ́n fẹ́ fi tún òrùlé náà ṣe ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ń dúró kí sáà parí ni. Mi ò kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Bí akápò bá ní kí ẹ dín ìgbálẹ̀ abẹ́ ìjókòó kù, tàbí kí ẹnì kan máa ṣọ́ ilẹ̀kùn pàjáwìrì méjì, ẹ sọ fún un pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì buwọ́ lù ú. Kò ní buwọ́ lù ú.

Iṣẹ́ tí kò léwu, bíi kíkun ìjókòó àti hihọ koríko etí ọ̀nà, ẹ pe àwọn olólùfẹ́ sí i. Nígbà tí Union Berlin ní Jámánì ò lówó láti tún pápá wọn kọ́, àwọn olólùfẹ́ ló wọ bàtà iṣẹ́. Láàárín ọdún 2008 sí 2009, àwọn tó lé ní 2,000 ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún bíi wákàtí 140,000. Tiwa ò tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ìjókòó, ẹ ó rí i lórí rẹ̀ lọ́jọ́ ìdíje.

Alága tó fẹ́ kọ́lé

Gbogbo alága ló ń lá àlá pápá tuntun. Bí tiyín bá gbé àwòrán rẹ̀ dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi í: lọ́dún tó kọjá, ènìyàn mélòó ló fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò rí i rà? Arsenal lè dáhùn ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó kúrò ní Highbury tó gba bíi 38,000 lọ sí pápá tó gba bíi 60,000 lọ́dún 2006, àwọn tó tò sórí ìlà ń dúró de tíkẹ́ẹ̀tì pọ̀ lọ súà. Síbẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n gba FA Cup lọ́dún 2005, wọn ò gba ife ńlá kankan mọ́ títí di 2014, gbèsè pápá sì wà lára ohun tó so wọ́n lọ́wọ́.

Darlington ò lè dáhùn rẹ̀. Ìpele kẹrin ni wọ́n wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n kó lọ sí pápá tó ní ìjókòó 25,000 lọ́dún 2003. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjókòó náà ò mọ bí ìdí ènìyàn ṣe rí. Kí ọdún yẹn tó parí, gbèsè ti gba kíláàbù lọ́wọ́ wọn. Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2009 àti 2012, kí àwọn olólùfẹ́ tó tún ẹgbẹ́ dá sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ní Sípéènì, Valencia bẹ̀rẹ̀ pápá tuntun lọ́dún 2007, owó tán lọ́dún 2009, kọnkéré náà sì dúró gbagidi títí di oṣù Kìíní ọdún 2025 kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Àjọkọ́ náà ní wàhálà tirẹ̀: kíláàbù méjì ní ìlú Munich ní Jámánì, 1860 Munich àti Bayern, ló jọ ni pápá Allianz Arena nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́dún 2005. Kò pé ọdún kan tí 1860 fi ta ìdajì tirẹ̀ fún Bayern ní mílíọ̀nù 11 owó yúrò, torí gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Wọ́n wá di ayálégbé nínú ilé tí wọ́n jọ kọ́.

Àwọn tó ti lọ

Àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe ni pé àwọn tó wà nínú pápá là ń bi pé kí ni ká ṣe. Àwọn yẹn wá ná. Ẹ gba ìwé àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì sáà ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ yọ orúkọ àwọn tó ṣì ń rà á kúrò, kí ẹ máa pe ìyókù lórí fóònù, mẹ́wàá lójúmọ́. Ẹ má bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò wá mọ́, àwáwí nìkan lẹ ó gbọ́. Ẹ bi wọ́n pé: “Ọjọ́ wo lẹ wá kẹ́yìn? Báwo lọjọ́ náà ṣe lọ?” Kí ẹ dákẹ́, kí wọ́n sọ ọ́.

Obìnrin kan sọ fún mi pé ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin kò ní ìkọ́, òun ló ń di ilẹ̀kùn mú fún ọmọ òun, ọmọ náà sì ń di tòun mú. Obìnrin mẹ́ta mìíràn sọ ohun kan náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìkọ́ ilẹ̀kùn! Ọkùnrin kan ní a yí àkókò ìdíje padà sí alẹ́, ojú ọ̀nà lòun ti gbọ́, òun ò sì bínú, òun kàn ò wá mọ́ ni. Ẹlòmíràn ní ọmọ tí wọ́n jọ ń wá ti lọ sí yunifásítì. Ìyẹn, a ò lè tún un ṣe, àmọ́ a ní kó mú ọmọ àbúrò rẹ̀ wá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló sọ pé torí à ń pàdánù ni. Alága ò gbà mí gbọ́, òun rò pé agbábọ́ọ̀lù tuntun ni gbogbo wọn ń fẹ́.

Ẹni tó bá sọ pé òǹwòran tó ti lọ kì í padà, kó wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní sáà 1948 sí 1949, àwọn tó lọ wo ìdíje líìgì wọn lé ní mílíọ̀nù 41. Nígbà tó fi di sáà 1985 sí 1986, ó ti já sí bíi mílíọ̀nù 16 ààbọ̀. Ìjà àti pápá tó ti gbó wà lára ohun tó lé wọn. Lẹ́yìn àjálù pápá Hillsborough ní 1989, níbi tí èrò ti fún àwọn òǹwòran pa, ìròyìn Adájọ́ Taylor ní oṣù Kìíní ọdún 1990 dámọ̀ràn pé kí àwọn pápá ńlá ní ìjókòó fún gbogbo ènìyàn, ìjọba sọ ọ́ di dandan fún wọn, àwọn òǹwòran sì padà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì náà gbẹ́nu sókè, ó sì lé àwọn kan tó ti ń wá látijọ́. Ní Dortmund, ní Jámánì, wọ́n ṣì fi àyè bíi 25,000 sílẹ̀ fún àwọn tó ń dúró wò ó ní owó pọ́ọ́kú, ibẹ̀ ló sì ń pariwo jù nínú pápá náà. Ọ̀pọ̀ kíláàbù Bundesliga, líìgì ńlá Jámánì, ló ń fi owó ọkọ̀ kún tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá mú un dání á wọ ọkọ̀ lọ, á wọ̀ ọ́ bọ̀. Nígbà tí mo ka èyí ni mo rántí àwọn tó ń sá jáde ní ìṣẹ́jú 70. A ò lówó ọkọ̀. A kàn jẹ́ kí ìdíje alẹ́ máa fi ìṣẹ́jú 45 tètè bẹ̀rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni.

Ẹ má pín tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. A dán an wò, ọ̀pọ̀ àwọn tó gbà á ò yọjú, àwọn tó ti sanwó sì wá ń bi wá bóyá òmùgọ̀ làwọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé san owó tí kò tó nǹkan, kí òbí tó mú un wá san iye tó yẹ. Kí ẹ sì ta tíkẹ́ẹ̀tì sáà ní ẹ̀dínwó ní oṣù mẹ́ta kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Owó á ti wọlé kí ẹ tó san owó oṣù àkọ́kọ́.

Ní ti yíyá pápá fáwọn ènìyàn lọ́jọ́ mìíràn, yàrá ìpàdé àti ibi ìgbọ́kọ̀sí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fi koríko sílẹ̀. Tottenham lè gbé koríko wọn wọ abẹ́ ilé kí eré mìíràn tó wáyé. Tiyín ò ní ibi tó ń wọ̀. Eré orin kan ṣoṣo tí a gbà láyè ná wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta koríko, owó tí wọ́n san kò sì tó owó irúgbìn.

Ẹnu ọ̀nà kẹrin ti di ibi tí a ń kó ẹ̀rọ ìgékoríko sí. Àwọn ọmọ ẹ̀ṣọ́ yẹn ń gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé, èyí tó dàgbà jù nínú wọn ló sì ń bá wa fa igi sórí ìwé báyìí.